Òtútù Àyà Kọ́ Ló Pa Wọ́n

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìsùn láti ìgbà tí lọ́yà ti wá sílé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Mo kí Ìyá Ìjọ, mo kí àwọn aládùúgbò tó ń bá yín pọnmi. Mo kí Bàbá Ṣàgámù, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, bí ẹ ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. Mo kí Àǹtí Ṣadé tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra kà á, kí ẹ má sì fo ibì kankan, pàápàá níbi tí ẹ bá rò pé kò yẹ kí Màmá gbọ́.

Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí Mojí kò fi pè mí lórí fóònù, tó fi jẹ́ pé inú ìwé ìròyìn ni gbogbo ayé ti ń ka ọ̀rọ̀ ilé wa. Mo pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà àkọ́kọ́, mo béèrè orúnkún yín. Nígbà kejì, mo ní kí ẹ má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà kẹta, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa, Màmá. Ẹnu mi ni kò gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbangba ni wọ́n ti ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́ nílùú wa nítorí tèmi, gbangba náà ló sì yẹ kí n ti tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa Gbóyèga, àbúrò mi kan ṣoṣo, nígbà tó ń ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe bọ̀ wálé. Ó di irun rẹ̀ ní dàdá, ó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, ìyẹn ti tó fún wọn. Nínú ìwé tí wọ́n kọ, wọ́n ní ọ̀kadà ló gbé e ṣubú. Wọ́n ní bí a kò bá fọwọ́ sí ìwé náà, a ò ní rí òkú gbà sin. Ẹ tẹ̀ka sí i, Bàbá Ṣàgámù buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni ẹ kò ti dá Bàbá lóhùn mọ́. Àwọn ará ìlú náà ò dákẹ́, wọ́n ní rìbá ló gbà, wọ́n ní ó ta ẹ̀jẹ̀ ọmọ àbúrò rẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Nísinsìnyí, lọ́yà obìnrin yìí dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà ṣì lè dé kóòtù bí ẹ̀yin àti Bàbá bá jọ lọ búra pé irọ́ ló wà nínú ìwé yẹn. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì ni o, ẹnì kan ò tó. Ẹ wá ní kàkà kí ẹ bá ọkùnrin yẹn jókòó nínú yàrá kan, kí Gbóyèga kúkú máa sùn lábẹ́ ọ̀kadà tí kò gùn. Ìparí oṣù ni lọ́yà máa padà wá. Ẹ bi mí pé kí ni kí ẹ ṣe. Ìdáhùn mi nìyí, ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ibí ṣì tutù. Ilé tí mò ń gbé ní Thamesmead, ní London, kò jìnnà sí odò, afẹ́fẹ́ odò náà a máa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Kọnkéré ni gbogbo àdúgbò, ojú ọ̀run náà sì máa ń dà bíi kọnkéré lọ́pọ̀ ọjọ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan wà létí omi tí wọn kì í bẹ̀rù ènìyàn, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀. Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń wọ̀ wọ́n láṣọ, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tó bá rí mi ló ń béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi ti gúnlẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ó ti gúnlẹ̀, ara rẹ̀ a balẹ̀, a sì jẹun. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ sí ọjà Woolwich lọ ra iṣu àti pọ̀nmọ́. Níbẹ̀, Àǹtí ni gbogbo ènìyàn ń pè mí, èdè wa ni wọ́n fi ń sọ iye nǹkan fún mi, ara mi a sì yá gágá. Mo bá tún padà sílé tí kò sẹ́ni tó máa pè mí ní ohunkóhun. Ìdánìkanwà yẹn le ju òtútù lọ.

Ẹni tó jẹ́ kí n lè kọ lẹ́tà yìí ni obìnrin ará Filipínì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, Nena ni orúkọ rẹ̀. Ó jù mí lọ, gbogbo wa ló sì ń pè é ní Até Nena, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ti rí i lórí fóònù rí, òun ni ẹni kúkúrú tó tẹrí ba tó sì na ọwọ́ sí yín lójú fóònù. Ẹ bi mí lọ́jọ́ náà pé kí ló ń tọrọ. Kò tọrọ nǹkan kan, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nìyẹn, wọ́n á gba ọwọ́ àgbà, wọ́n á fi kan iwájú orí wọn. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń fi sí ìparí gbólóhùn fún ẹni tó bá ju wọ́n lọ. Mo sọ fún un nípa “ẹ̀yin” àti “ẹ” tí àwa fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn mìíràn níbí ò mọ ìyàtọ̀ ìyá àti ajá.

Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun ọ̀sán, mo rí fọ́tò kan lórí fóònù rẹ̀. Pósí funfun kan ni, wọ́n fi gíláàsì sí ojú rẹ̀. Òròmọdìyẹ kan, òòyẹ̀ o, dúró lórí gíláàsì náà, ó ń ṣa ìrẹsì jẹ. Màmá, ọmọ aládùúrà ni mí, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gba àwẹ̀. Mo rò pé oògùn ni obìnrin yìí ń ṣe, pé ó ti fi ẹnì kan rọ́pò ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé adìẹ tí wọ́n fi ọtí kíkan sè wá fún mi, mo gbà á, mo dúpẹ́, mo lọ dà á nù sínú ìdọ̀tí. Nígbà tó béèrè, mo ní ó dùn gan-an. Ó bá tún gbé òmíràn wá ní ọjọ́ kẹta, ó ní ó ti mọ̀ pé mo máa fẹ́ràn rẹ̀. Irọ́ mi ló mú un ná àárọ̀ ìsinmi rẹ̀ nídìí iná. Ojú tì mí, mo bá bi í léèrè òròmọdìyẹ náà.

Ó sọ fún mi pé lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá pa ènìyàn, tí ẹni tó pa á kò jẹ́wọ́, wọ́n máa ń gbé òròmọdìyẹ lé orí pósí títí wọn ó fi sin òkú náà. Bó bá ṣe ń ṣa ìrẹsì lórí gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣa ọkàn ẹni tó pa á, tọ̀sán tòru, títí onítọ̀hún ò fi ní gbádùn, títí yóò fi jẹ́wọ́. Ẹni tó wà nínú pósí náà ni Jun, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Nena bí. Èmi tí mo dọbẹ̀ nù, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Mo bi í pé ṣé ẹni tó pa á ti jẹ́wọ́. Ó ní rárá. Ó ní òròmọdìyẹ náà dàgbà di àkùkọ nínú ọgbà ìyá òun, ẹnikẹ́ni ò gbójúgbóyà láti pa á jẹ, ọjọ́ ogbó ló gbé e lọ, kò sì sí ọlọ́pàá kankan tó jẹ́wọ́.

Màmá, láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti ń ṣa èmi náà lọ́kàn. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Èmi ti ń rò pé àwa nìkan ni ayé ń fìyà jẹ. Díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó, Nena kọ́ mi ní ìtàn tiwọn. Àwọn ará Sípéènì jọba lé wọn lórí ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ, wọ́n fi ìjọ Àgùdà àti orúkọ ìdílé sílẹ̀ fún wọn, ìdí nìyẹn tí orúkọ bàbá rẹ̀ fi jọ ti àwọn Àgùdà Èkó. Àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀ lé wọn, wọ́n kọ́ wọn ní èdè òyìnbó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ogun àwọn ará Japáànì kọjá lórí wọn. Nígbà tí wọ́n di òmìnira, wọ́n ní ààrẹ kan tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó fi òfin ológun dè wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń gbé ènìyàn lọ, a kì í rí wọn mọ́. Ní ọjọ́ kan, ìlú tú síta, wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, wọ́n dúró níwájú ọkọ̀ ogun títí ọkùnrin náà fi sá lọ. Orí èjìká bàbá rẹ̀ ni Nena ti wò ó, ó ní inú òun ò dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé òun. Ọdún ń gorí ọdún, wọ́n tún fi ìbò gbé ọmọ tí ọkùnrin yẹn bí wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí ọmọ Nàìjíríà fi lè rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ọmọ náà tó wọlé, ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣe ààrẹ, òun ni ọ̀rọ̀ Jun kàn. Ó ṣèlérí pé òun máa fi ọwọ́ líle mú àwọn tó ń ta oògùn olóró àti àwọn tó ń mu ún, kò sì fi pamọ́ pé wọn yóò kú. Nena dìbò fún un, Màmá. Níhìn-ín ni, ní ilé aṣojú wọn ní London, ó lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti lọ tò. Ó ní àwọn ọmọ tó ń mu oògùn ládùúgbò ìyá òun ti sú òun, pé òun fẹ́ kí Jun lè rìn lójú títì láìséwu. Kò pẹ́ sí i, ẹnì kan kọ orúkọ Jun sínú ìwé kan ní ọ́fíìsì àdúgbò. Ọmọ náà ń wa kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò mu ju sìgá lọ. Níbi tó ti ń jẹun ọ̀sán ni àwọn ọlọ́pàá bá a, wọ́n ní ó fa ìbọn yọ. Ìyá Nena ní síbí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Nena ṣe ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi náà ń padà sí mi létí. Ẹ rántí pé èmi ni mo máa ń sọ fún Gbóyèga kó gé irun yẹn, pé àwọn ọlọ́pàá kì í dá ọmọ gidi dúró. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú yín. Inú mi ń bà jẹ́ nísinsìnyí tí mo bá rántí bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín lójú fóònù, tó máa ń gbọn irun náà sí mi.

Ilé ìsìnkú ò gbé òkú Jun sílẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá Nena bá lè fọwọ́ sí i pé òtútù àyà ló pa á, kò ní sí àyẹ̀wò, kò ní sí ìbéèrè, wọ́n lè gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá náà ti darúgbó, ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí Nena gbọ́, ó bínú sí ìyá rẹ̀. Kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i nínú àpótí páálí ńlá tí wọ́n máa ń dì fún oṣù mẹ́ta, ọṣẹ, kọfí, súwẹ́tà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Báyìí ni ìyá náà ṣe kú.

Oṣù tó kọjá, àwọn ará Filipínì gba gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Nena, Rowena, ayàwòrán ni, ó ti ìlú wọn wá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀. Nena ní kí n bá òun lọ, òun ò fẹ́ dá wọlé. Mo rò pé ijó àti oúnjẹ ni mo máa bá níbẹ̀, mo tilẹ̀ wọ bùbá tuntun. Bí a ṣe wọlé, àpò ìrẹsì ni wọ́n gbé kọ́ sí gbogbo ara ògiri, àpò tí wọ́n ti tú, tí wọ́n ti fọ̀, ojú ènìyàn kan ló sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀dọ́kùnrin ló pọ̀ jù. Rowena kò fi ẹ̀jẹ̀ sí ibì kankan. Ó ya wọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè tó ń bojú wẹ̀yìn. Ó sọ fún wa pé ara ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ti kọ́kọ́ gbé wọn kọ́ nílé, wọ́n já wọn dànù, òun tún ya òmíràn.

Ní ìsàlẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ó gbé fi pínnì de ẹ̀dà ìwé ikú ẹni náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á. Òtútù àyà. Mo bọ́ sí èkejì, òtútù àyà. Ẹ̀kẹta, òtútù àyà. Mo ń lọ, mo ń kà, àwọn ọmọkùnrin tí eegun wọn le, àdúgbò kan náà, oṣù kan náà, gbogbo wọn ni òtútù àyà pa ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń jó ènìyàn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Jun, mi ò lè kà á mọ́. Mo rí ìka ìyá àgbà náà níbẹ̀, roboto, dúdú, níbi tó ti tẹ̀ ẹ́. Ìka yín ni mo rí, Màmá.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìyá mẹ́ta jáde, wọ́n ṣe eré kan. Kì í ṣe òṣèré ni wọ́n, ọmọ wọn ni wọ́n pa. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe ọlọ́pàá, torí wọn ò rí ẹni tó gbà láti ṣe é. Ó wọ bàtà ńlá, ó tàpá sí ilẹ̀kùn, ó ké mọ́ ẹni tó ń ṣeré ọmọ rẹ̀ pé kó dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe ń ké, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dúró. Ọkùnrin ará Filipínì kan dìde lẹ́yìn, ó pariwo pé irọ́ ni, pé nígbà ìjọba yẹn ni ìyá òun tó lè rìn lọ sọ́jà láìbẹ̀rù, pé àwọn olóṣèlú ló ń lo àwọn obìnrin wọ̀nyí. Àwọn kan ní kó jáde, àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ara wọn ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Nena kàn sọ fún mi pé gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ni òun náà ti sọ rí, ọ̀rọ̀ kan ò lé, ọ̀kan ò dín. Ààrẹ tí Nena dìbò fún náà wà lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ àgbáyé báyìí, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ. Nena ní nígbà tí òun rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, òun ò yọ̀, ọwọ́ òun tí òun fi dìbò ni òun ń wò.

Bí a ṣe jáde, mo dorí kọ ọ̀nà ilé. Nena dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá ti ibi òkú bọ̀ kì í lọ sílé tààrà, ó gbọ́dọ̀ yà síbì kan kí ikú má bàa tẹ̀ lé e wálé. A bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lesnes Abbey, níbi tí àwọn àlùfáà gbé ní ayé àtijọ́, òkúta ògiri wọn nìkan ló kù nínú koríko. Oòrùn díẹ̀ yọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. A jókòó sórí òkúta, a ra ìpápánu, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Níbẹ̀ ni Nena ti sọ èyí tó kù fún mi. Ibojì àwọn tálákà lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ti títí láé, bí àsìkò bá pé, wọ́n á kó eegun jáde. Nígbà tí wọ́n kó ti Jun jáde, àlùfáà kan mú dókítà wá, dókítà náà rí ihò ìbọn ní agbárí. Nena fẹ́ kí wọ́n yí ìwé náà padà. Wọ́n ní kó mú ẹni tó fọwọ́ sí i wá, kó wá sọ bó ṣe jẹ́. Ẹni náà, ìyá rẹ̀, ti wà nínú ibojì. Títí di òní, òtútù àyà ló wà nínú ìwé ìjọba. Nena ní ìbínú òun ló sin ẹlẹ́rìí òun.

Mo bú sẹ́kún. Ó rò pé tirẹ̀ ni mò ń sun. Mo sọ tèmi fún un níbẹ̀, ó sì ní kí n má padà sílé láìpinnu ọjọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún yín.

Màmá, ẹ gbọ́. Kì í ṣe Bàbá Ṣàgámù ló ní kí ẹ tẹ̀ka. Èmi ni.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pa Gbóyèga, Bàbá pè mí láti àgọ́ ọlọ́pàá. Mo wà nínú yàrá tí a ti ń fọ aṣọ, mò ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àwọn ti rí òkú ọmọ náà, àwọn ti fi ìka àwọn kan ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí irọ́, pé àwọn máa tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ náà títí àwọn ọlọ́pàá ó fi gbé ọmọ àwọn jáde. Èmi ni mo ní kí Bàbá fọwọ́ sí i. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí nígbà náà, mi ò lè wá sílé, mo sì ń bẹ̀rù pé bí orúkọ wa bá jáde nínú ìròyìn, wọn yóò bi mí ní ìbéèrè. Mo ń bẹ̀rù kí àwọn ọlọ́pàá má wá bá yín nílé. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí. Mo ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bí ẹni pé Ọlọ́run ní kí a purọ́. Bàbá sunkún. Wọ́n bi mí pé ṣé ohun tí bàbá mi ì bá sọ nìyẹn. Màmá, mo dá wọn lóhùn pé èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà ilé, ohun tí mo bá sọ ni kí wọ́n ṣe. Ẹnu tí ẹ fi omi ọmú sí ló sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín.

Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún yín láéláé. Wọ́n ṣèlérí. Ẹ rí wọn tí wọ́n gbé ìwé wá, ẹ rí wọn tí wọ́n di ọwọ́ yín mú lé yíǹkì, ẹ gégùn-ún fún wọn, wọn ò dáhùn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pè wọ́n ní ajẹrìbá, wọn ò dáhùn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọ orúkọ burúkú sára ògiri wọn, wọ́n kùn ún, wọn ò dáhùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n, wọ́n máa ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ru ẹrù mi, tí mo sì ń jẹun níbí.

Mo ti kọ tèmi sílẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i, ó ti wà lọ́wọ́ lọ́yà. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí. Bí ẹ ò bá fẹ́ gbé fóònù mi mọ́, mo gbà, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ má ṣe dúró de ìparí oṣù. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, ẹ kan ilẹ̀kùn wọn. Bí ẹ ò bá mọ ohun tí ẹ máa sọ, kí Àǹtí Ṣadé mú ìwé ìròyìn yìí dání kó kà á sí ẹ̀yin méjèèjì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jọ lọ sí kóòtù, kí ẹ jókòó nínú yàrá kan náà. Ẹ̀yin ará ìlú tó bá ń ka èyí, orúkọ Bàbá mọ́. Ẹ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run tí à ń wọ aṣọ funfun sìn dá ẹ̀mí ẹ̀yin méjèèjì sí títí ẹnu yín ó fi sọ òtítọ́ níwájú adájọ́. Kí ó má jẹ́ kí ìyá kankan tún tẹ̀ka sí irọ́ lórí òkú ọmọ rẹ̀, ní ilé wa, ní ilé Nena, àti níbi gbogbo. Kí ó dárí jì mí, bí ẹ̀yin bá ti kọ́kọ́ dárí jì mí. Até Nena ní kí n kí yín, ó tẹrí ba. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí Ìyá Ìjọ àti àwọn aládùúgbò. Bí ẹ bá ti Ṣàgámù dé, kí ẹ tó wọlé, ẹ yà sídìí sàréè Gbóyèga níwájú ilé, ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé a mọ̀ pé ọ̀kadà kọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ́kù,
Mojísọ́lá.